Ẹ Jẹ́ Kó Dìde Fúnra Rẹ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò fi ìwọ̀sí lọ̀ mí rárá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún ló máa ń kọ́kọ́ bínú sí ọkùnrin náà. Ó dìde kí mi, ó fún mi ní àga, ó sì ní kí ọmọ mi obìnrin gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ní Tamale nígbà náà láti mọ̀ bóyá ó ti tó ilé-ìwé lọ. Ìka rẹ̀ kan etí dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wo irin tó wà lẹ́sẹ̀ òsì ọmọ náà, ó wo àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó gun fàráńdà ilé-ìwé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú o. A kò ní ẹni tí yóò máa gbé ọmọ sókè sódò níbí. Bó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti gẹ́ètì títí wọ kíláàsì, kí ẹ mú un wá lọ́jọ́ tí a bá wọlé ọdún tuntun. Bí kò bá lè ṣe é, kó ṣì máa wà nílé."

"Kó máa wà nílé títí di ìgbà wo, sà?"

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi."

Mo gbé e lé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, a sì forí lé Nyohini, níbi tí ilé wa wà. A ti rìn díẹ̀ kó tó fa ẹ̀wù mi.

"Bàbá, ṣé wọ́n gbà mí?"

"Wọn yóò gbà ọ́."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí o bá lè gun àtẹ̀gùn yẹn."

"Ó ga o," ló wí.

Ibà ló kọ́kọ́ dé, lásìkò ọyẹ́, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ já gaara, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí Ghana tó gba òmìnira. Nígbà tí ibà náà lọ tán, ẹsẹ̀ òsì kò bá a dìde mọ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n pè é ní àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn ààfáà wa ṣe àdúà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ fún un mu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo agboolé wa fi ẹ̀yìn wọn ṣe ẹsẹ̀ fún un. Bí ìyá mi bá sọ̀ ọ́, àwọn ìyàwó ilé a gbà á pọ̀n. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a gbé e. Mo rí ọjọ́ kan tó jẹ́ pé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn tó o nínú ilé náà.

Ìsọ̀ ohun èlò kẹ̀kẹ́ ni mo ní nínú ọjà ńlá Tamale. Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò síbẹ̀ láyé òyìnbó, òun ló sì rán mi lọ kàwé girama ní Kumasi. Nígbà tó kú ni mo padà wá jókòó ti túúbù, táyà, ṣéènì àti sípóòkù. Iṣẹ́ náà bá ìwà mi mu. Bí sípóòkù kan bá fi díẹ̀ gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, gbogbo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni yóò máa mì, n kò sì lè rí ohun tó ń mì kí n má wá ohun tó fà á. Bí mo ti ń wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ni mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ kírun, mo máa ń fi òwú wọn itan rẹ̀ méjèèjì láti mọ̀ bóyá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń bá èkejì dọ́gba.

"Bàbá ọmọ," ìyàwó mi a wí, "ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún un ni?"

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn náà, obìnrin Fante láti etí òkun, tó ti gbọ́ Hausa tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ ní Tamale dénú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá tí yóò jí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn. Òun ló ní kí wọ́n ṣe irin náà, kí ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ̀ má baà máa wọ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé irin kò lè ṣe iṣẹ́ itan.

"Ẹran itan rẹ̀ kò kú," ó wí. "Ó ń sùn ni. Ẹni tó bá sì ń gbé ọmọ náà kiri, òun ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kó lè máa sùn lọ."

Ó ṣàlàyé fún mi ohun tí àtẹ̀gùn yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ tó lágbára ni yóò kọ́kọ́ gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà lófurufú, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni yóò gbé gbogbo ara dúró. Bí orúnkún òsì bá yẹ̀ nígbà náà, ọmọ ṣubú nìyẹn. Nítorí náà, kó máa jókòó lórí àpótí kó sì máa dìde. Kó máa na orúnkún, kó máa ká a. Kó ṣe é lójoojúmọ́.

Mo gé túúbù kẹ̀kẹ́ kan, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nínú yàrá mi, kó lè máa fi ẹsẹ̀ fà á. Ó fà á lọ́jọ́ kìíní torí pé ó jẹ́ nǹkan tuntun. Lọ́jọ́ kejì ó ní ó ti rẹ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ti rí i pé mo ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ á yí padà.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé tí èmi nìkan ń ṣe é?"

Ìyá mi á ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa gbọ́ ẹkún. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á kó tó kàwé ni? Ìwé wo ni mo kà, tí mo fi bí ọ?" Mo dá a lóhùn pé àdúà ni kó fi bá wa gbé e. Mo tún so túúbù náà le. Ọmọ náà tún sunkún. Ìgbà òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún ilé-ìwé tuntun yóò dé pẹ̀lú ọyẹ́, òwú mi kò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

Báyìí ni nǹkan wà tí Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ fi dé. Láàárín àwa Yorùbá ibẹ̀, ọmọbìnrin tí kò bá tíì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ilé láàárọ̀, a kì í kà á sí ẹni tó ti jí. Àgbà náà kò ní dáhùn lásán; yóò ki oríkì rẹ̀, ọmọ yóò wà lórí ìkúnlẹ̀ títí yóò fi parí, kó tó dìde. Lọ́jọ́ ọdún, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ tuntun, wọn yóò máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn Dàgọ̀mbà tí a jọ ń gbé náà a máa lóṣòó kí àgbà, wọn a ní "Dasiba", ìyẹn ẹ kú àárọ̀, àgbà a sì dáhùn pé "Naa".

Ọmọ mi, tó ti máa ń kí wọn láti ẹ̀yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Àgbà. Ó ti ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi òwò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ gbì-gbì irin lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ju bisikíìtì tí wọ́n fún un sórí ẹní.

"N kò jẹ ẹ́."

"Ta ló nà ọ́?" ìyá mi bi í.

"Gbogbo wọn kúnlẹ̀. Bàbá Àgbà ki oríkì gbogbo wọn. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní, 'Má kúnlẹ̀, ìyá mi, jókòó, jókòó.' Wọ́n gbé àga fún mi!" Ó bú sẹ́kún. "Ṣé àlejò ni mí ni?"

Ìyá mi fà á mọ́ra, ó ní àánú ló ṣe Bàbá Àgbà. Èmi dúró níbẹ̀, ojú mi wà lára orúnkún òsì tó wà lábẹ́ aṣọ tuntun. Orúnkún tó ń ká, tó ń gba ara dúró, tó sì ń nà láti dìde: kí tún ni nọ́ọ̀sì náà ń béèrè? Ohun tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà fún, tó ń sunkún kó má baà ṣe é, òun náà ló ń sunkún níta báyìí pé wọn kò jẹ́ kí òun ṣe.

Ṣùgbọ́n n kì í ṣe ẹni tó lè dá nìkan dáwọ́ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ti kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ bá nọ́ọ̀sì náà, mo bi í bóyá ìkúnlẹ̀ lè rọ́pò túúbù.

"Ìkúnlẹ̀ báwo?" ó bi mí. "Kúnlẹ̀, kí n rí i."

Fàráńdà ilé ìwòsàn kún fún èrò lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn, ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

"Màlámì," bàbá kan tó di ojú kan fi Hausa pè mí láti orí bẹ́ǹṣì, "ṣé oògùn lo wá gbà ni, àbí o wá tọrọ ìyàwó?"

"Ẹ jẹ́ kó parí," obìnrin kan dáhùn, "bóyá nọ́ọ̀sì máa gbà."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde díẹ̀díẹ̀, kí n tún kúnlẹ̀, kí n tún dìde, ó ń wo ẹsẹ̀ tí mo ń gbé síwájú. Ó wá ní ó dára. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú láti dìde, kó sì fi ọwọ́ kan ti àpótí. Bí gbígbọ̀n orúnkún òsì bá ti ń dínkù, kó pààrọ̀, kó fi òsì síwájú, kí òun ṣe iṣẹ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fà á lọ́wọ́: ẹni tó bá fà á ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ itan, ó sì lè yẹ ọmọ léjìká.

"Ọmọ yóò ṣe é," ó wí. "Ṣé o lè kápá àwọn àgbà yín?"

Ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé. Láàárín wa, bí ọmọ kékeré tí nǹkan ń ṣe bá kúnlẹ̀, ọwọ́ àgbà ti dé abẹ́ apá rẹ̀ kí orúnkún tó kanlẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tó ń wò ó, òṣìkà ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ṣàlàyé.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa," ó wí. "O fẹ́ kí n jókòó, kí n máa wo ọmọ yẹn bó ṣe ń bá ilẹ̀ jìjàkadì níwájú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ni kí n máa ṣe nígbà yẹn?"

"Ẹ máa ki oríkì rẹ̀ lọ."

"Bí oríkì bá tán ńkọ́?"

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "O fẹ́ fi ọjọ́ ogbó sọ mí di akígbe. Ó dáa. Mú un wá lọ́la."

Mo mú un lọ. Ó gbé ọwọ́ lé àpótí, ó rọra kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Àgbà." Ojú rẹ̀ ń dán. Àgbà náà bẹ̀rẹ̀ oríkì. Nígbà tó parí, ọmọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó tì, ara rẹ̀ gòkè díẹ̀, ó padà sílẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Àgbà ti jáde nínú agbádá.

"Ẹ jẹ́ kó dìde fúnra rẹ̀!"

Ariwo mi kọjá ohun tí mo rò. Wọ́n gbọ́ ọ nílé kejì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyàwó ilé ti ń pè mí ní Bàbá Ẹ-jẹ́-kó-dìde, orúkọ náà sì tẹ̀ lé mi dé inú ọjà.

Ó dìde, nígbà tó yá. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ. Ìyá mi ni kò lè kó ọwọ́ rẹ̀ níjàánu, tó fi wá di pé bí ọmọ bá ti ń bọ̀, á sáré mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó fẹ́ já a. Oríkì Bàbá Àgbà ń gùn sí i. Bó bá rí i pé ọmọ kò tíì múra tán, á gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, á kí àwọn tó ti kú níbẹ̀, á padà wá sí Tamale. Àwọn tó ń lọ pọnmi á gbé báàkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ láti gbọ́ apá tí wọn kò gbọ́ rí.

"Bàbá Àgbà, ó tó," ọmọ á wí, "mo ti dìde."

"Dákẹ́, n kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá mi."

Ìyá Dàgọ̀mbà kan tó ń ta ẹ̀pà lílọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kò ní oríkì Yorùbá. Nígbà tí ọmọ mi bá lóṣòó kí i, ó máa ń fa "Naa" tirẹ̀ gùn, "Naaaaa," kò ní gbé ohùn sílẹ̀ títí ọmọ fi nà tán. Èmi máa ń dúró lẹ́yìn ògiri, mo ń bẹ̀rù pé èémí ìyá náà yóò tán ṣáájú.

Kì í ṣe ẹ̀rín lásán ni. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lu ìkòkò omi, àgbọ̀n rẹ̀ bẹ́. Ìyàwó mi gbé e, ẹ̀jẹ̀ kán sí aṣọ rẹ̀.

"Ó tó báyìí, Bàbá ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́. Àìlọ ilé-ìwé kò pa ẹnikẹ́ni rí."

Mo fi omi gbígbóná nu ojú ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó tún sọ gbólóhùn kan sí i, ǹ bá gbà. Mo sọ fún gbogbo ilé pé kí ọmọ sinmi títí egbò yóò fi jinná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ẹnu tán, mo ti gbọ́ ohùn Bàbá Àgbà, tó ń fi oríkì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ẹni tó mú ọmọ náà lọ bá a. Mo lọ ká ẹní nípọn, mo tẹ́ ẹ sí iwájú yàrá kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé ìkòkò omi kúrò níbẹ̀.

Bí òjò ti ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n orúnkún náà ń dínkù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ òsì síwájú, àmọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí àpótí. Láìsí àpótí, kò ṣe é rí. Òwú mi sọ fún mi pé itan ti fi díẹ̀ nípọn sí i. Kò bá ti ọ̀tún dọ́gba, kò sì bá a dọ́gba títí dòní. Nọ́ọ̀sì kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ohun tí mo ń béèrè kò ju pé kí orúnkún náà gbà á dúró fún ìwọ̀nba ìgbà tí ẹsẹ̀ kejì bá wà lófurufú.

Ọyẹ́ ti dé gan-an lọ́jọ́ tí ilé-ìwé wọlé, ètè gbogbo ènìyàn ti sán. Ìyá mi ní òun ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Mo ti yẹ gbogbo bọ́ọ̀tì irin náà wò, mo fi òróró sí i. Ní gẹ́ètì, mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

"Bàbá, ẹ ti so ó tẹ́lẹ̀."

"Mo fẹ́ kó le."

"Ẹ dúró síbí o," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Ó rìn la pápá kọjá láàárín àwọn ọmọ tó ń sáré. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró lórí fàráńdà, ó ti rí i. Ó dé ibi àtẹ̀gùn. Ọ̀tún gòkè, orúnkún òsì gbà á, òsì tẹ̀ lé e. Mo mí. Ó tún gbé ọ̀tún sókè. Bó ti fẹ́ fa òsì ni ẹnu irin kọ́ etí sìmẹ́ńtì, ó sì dojú bolẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbá sìmẹ́ńtì tó fi dún.

Mo ti wọ gẹ́ètì. Ohun tó dá mi dúró ni ìyá mi, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Tíṣà kan sáré bọ̀, ó na ọwọ́.

"Bar ni!" ọmọ mi fi Hausa kígbe. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Tíṣà dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ká sábẹ́ rẹ̀, kò sí bó ṣe lè fà á jáde. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló rí fà síwájú, kò sì sí àpótí. Ó wò ó. Ó gbé ọwọ́ kan lé itan náà, ó tì í. Mo rí orúnkún náà tó ń gbọ̀n láti ibi tí mo wà. Ó ń gbọ̀n, ó ń nà, ó ń gbọ̀n, ó nà. Ó ti dúró. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, ó sì gun ìyókù.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀gá ilé-ìwé ń wo egbò ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ṣubú," ó wí fún mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó sì dìde."

"Mo rí i." Ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà kan. "Kíláàsì rẹ̀ nìyẹn. Kó wọlé kí wọ́n tó lu agogo."

Mo ní kí ìyá mi máa lọ ilé. Èmi padà sí gẹ́ètì, mo dúró ti kẹ̀kẹ́ mi títí wọ́n fi jáde wá ṣeré, mo sì tún dúró títí wọ́n fi padà wọlé.

Nírọ̀lẹ́, ó ń jẹ túwò, ọwọ́ rẹ̀ tí a fi aṣọ dì wà lórí itan.

"Bàbá, ẹ má dúró sí gẹ́ètì lọ́la mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń bi mí bóyá ẹ̀yin náà wá wọ kíláàsì kìíní ni."

Ìyàwó mi yí ojú sí ògiri kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e dé gẹ́ètì, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n kò fọwọ́ kan okùn bàtà. Mo yí orí kẹ̀kẹ́ sí ọ̀nà ọjà, mo ń wa kẹ̀kẹ́ lọ láìbojú wẹ̀yìn, etí mi ń wá gbì-gbì irin lórí sìmẹ́ńtì títí n kò fi lè gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe ariwo ọjà. Mo ṣí ìsọ̀. Oníbàárà kan ti ń dúró, ó ní kí n fún òun ní túúbù. Mo gbé ṣéènì fún un.

"Ọ̀gá," ó wí, "túúbù ni mo ní."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún gbé ṣéènì mìíràn fún un.